Ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ mi: ṣé ó yẹ kí n fọwọ́ kan àyọkà nípa ẹ̀gẹ́ lórí Wikipedia?

Olóko-Ẹ̀gẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan ń pè ní pákí, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbáàgúdá, pàápàá lórí àrùn tí ń mú kí ewé rẹ̀ lọ́ pọ̀, tí àbàwọ́n yẹ́lò á sì máa yọ lára ewé tó yẹ kó tutù yọ̀yọ̀. Ní oṣù tó kọjá mo ka àyọkà kan nípa rẹ̀ lórí Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, mo sì rí i pé ibi tí wọ́n ti sọ bí àrùn náà ṣe ń ràn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n sọ ti eṣinṣin funfun tí ń gbé e láti orí igi kan dé orí òmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ tó nípa àgbẹ̀ tí ń gé igi ẹ̀gẹ́ tó ti ní àrùn láti fi gbin oko tuntun, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yìí ni àrùn ń gbà dé ibi tí kòkòrò náà kò lè fò dé.

Mo kọ ìpínrọ̀ méjì, mo fi ìtọ́kasí mẹ́rin sí i, mẹ́ta nínú mẹ́rin náà sì jẹ́ iṣẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, oníṣe kan (bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ní àkáǹtì níbẹ̀) tí kò fi orúkọ rẹ̀ gan-an hàn ti dá ojúewé náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì kọ sí mi pé ó jọ pé mo ní àǹfààní tèmi nínú ohun tí mo kọ. N kò ní purọ́, ó dùn mí. Ẹni tó ṣeé ṣe kó má mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé ìbẹ́pẹ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹni tó mọ nǹkan dákẹ́, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa kọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ kejì wà níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà wa níbi iṣẹ́ gbọ́ pé mo ti ń kọ nǹkan síbẹ̀, ó wá ní kí n bá àwọn tún àyọkà tó wà nípa ilé iṣẹ́ wa ṣe, nítorí pé àríyànjiyàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló gba ibi tó pọ̀ jù lórí ojúewé náà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìkàwé (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn yín. Kò sí òfin Wikipedia kankan tó ní kí ẹni tó mọ nǹkan má kọ nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí àǹfààní ẹni máa bá òtítọ́ du ọ̀nà, èyí tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń kọ̀wé bá ní nǹkan tí yóò jèrè tàbí tí yóò pàdánù bí ọ̀rọ̀ bá gba ibì kan lọ: owó ni o, ipò ni o, orúkọ, ẹbí, tàbí ìjà àtijọ́ tí kò tíì parí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yẹn kò bú ẹnikẹ́ni, ìwà ọmọ aráyé ló ń sọ, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi í ní kí ìyá ọmọ ṣe adájọ́ níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń bá ọmọ ẹlòmíràn díje. Ìwé tí ẹ kọ, ọmọ yín ni.

Òfin gbà pé kí ènìyàn tọ́ka sí iṣẹ́ ara rẹ̀, bí iṣẹ́ náà bá bá ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ mu, tí ó jáde níbi tó ṣeé gbára lé, tí kò sì pọ̀ jù. Mẹ́ta nínú mẹ́rin pọ̀ jù. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tó dá a padà: ó rí àkáǹtì tuntun tí kò tíì ṣe àtúnṣe kankan rí, ó sì rí orúkọ kan náà lórí ìwé mẹ́ta. Bí ó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn nígbà tí àwọn tí ń fi Wikipedia polówó iṣẹ́ wọn bá dé. Èmi fúnra mi ti yọ irú rẹ̀ kúrò rí. Onítọ̀hún lọ sí àyọkà mọ́kànlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì fi ìmọ̀ kankan kún èyíkéyìí nínú wọn yàtọ̀ sí ìtọ́kasí ìwé kan ṣoṣo tí ó kọ.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni ọwọ́ ìfura bà. Jimmy Wales, tí òun àti Larry Sanger dá Wikipedia sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe sí àyọkà tí wọ́n kọ nípa òun fúnra rẹ̀ nígbà 18, lára ohun tó sì yọ kúrò ni ibi tí wọ́n ti pe Sanger ní olùdásílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, òun náà ní ó wu òun kí òun má ṣe é.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ lọ sí ojúewé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn àyọkà náà, níbi tí àwọn olóòtú ti ń jíròrò nípa rẹ̀, kì í ṣe àyọkà gan-an. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ kọ ìpínrọ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kún un síbẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, pẹ̀lú ìtọ́kasí rẹ̀. Àdàkọ kan wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí yóò gbé e sínú àkójọ tí àwọn olóòtú mìíràn ń wò. Lẹ́yìn náà ẹ ní sùúrù, nítorí pé àwọn tó ń dáhùn kò gba owó, ó sì lè pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tàbí ní oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ohun kan kí n tó dákẹ́: nínú ìpínrọ̀ méjì yẹn, ṣé ẹ dárúkọ irúgbìn ẹ̀gẹ́ kankan tí ẹ̀yin fúnra yín lọ́wọ́ nínú ṣíṣe rẹ̀?

Akọ̀wé Ìrọ̀lẹ́ (Èkó)

Èmi yóò mú ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà, nítorí pé ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan àyọkà yẹn. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni àjọ Wikimedia Foundation, tí Wikipedia wà lábẹ́ rẹ̀, ti fi sínú àdéhùn lílò pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó nítorí ohun tó ń kọ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó gbà á síṣẹ́, ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún, àti bí òun ṣe jẹ́ sí wọn. Ó lè sọ ọ́ lórí ojúewé oníṣe rẹ̀, lórí ojúewé ọ̀rọ̀ àyọkà náà, tàbí nínú àlàyé kúkúrú tí a ń kọ nígbà tí a bá fẹ́ fi àtúnṣe pamọ́. Àwọn kan rò pé ìgbà tí wọ́n bá ka owó lé ènìyàn lọ́wọ́ fún àtúnṣe kan pàtó nìkan ni òfin yìí mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá bá rán yín níṣẹ́, tí ẹ sì jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ tí ẹ ń gbowó oṣù lé lórí, iṣẹ́ owó ni.

Kí n má dẹ́rù bà yín jù, òfin kan náà kò pète láti dí olùkọ́ fásitì tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lọ́wọ́ tó bá ń fi ọkàn rere kọ ohun tó mọ̀. Ẹni tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọ̀gbìn tó kọ nípa ọ̀gbìn kò di ẹni tí wọ́n sanwó fún. Ẹni tí fásitì rán pé kó lọ kọ nípa fásitì náà ni ó bọ́ sí abẹ́ òfin.

Ìdí tí wọ́n fi le bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2013, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àkáǹtì tó lé ní 250 tí wọ́n so mọ́ ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Wiki-PR, tí ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láti kọ àyọkà láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé owó ti yí ọwọ́. Ní ọdún 2015, nínú ọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní Orangemoody, àkáǹtì 381 ni wọ́n dínà mọ́, wọ́n sì pa àyọkà 210 rẹ́. Àwọn ti Orangemoody a máa wá àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí Wikipedia kò gba àyọkà wọn wọlé, wọ́n á gba owó kí ó tó jáde, nígbà tó bá jáde tán, wọ́n á tún padà wá gba owó oṣooṣù pé àwọn ń dáàbò bò ó. Agbèrò ni mo ń pè wọ́n, àwọn ti inú ọgbà ọkọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀gá yín má sì rò pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ìtàn àtúnṣe kì í parẹ́. Ní ọdún 2007, Virgil Griffith ṣe irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ WikiScanner, tí ń fi àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ìtàn yẹn wé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni àdírẹ́sì náà, ìwé ìròyìn sì kún fún orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ọ́fíìsì ìjọba tí ènìyàn ti jókòó sínú wọn tó ń yọ ohun tí kò dùn mọ́ wọn nínú kúrò.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá yín ní ẹjọ́ rere. Bí àríyànjiyàn kan bá gba ojúewé kan mọ́ gbogbo ohun mìíràn lọ́wọ́, ìyẹn lòdì sí ìlànà Wikipedia fúnra rẹ̀, tó ní kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gba àyè tó tọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sí ojúewé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú orúkọ ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì kó ohun tí àwọn ìwé ìròyìn tí kò bá yín tan ti kọ nípa àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ilé iṣẹ́ náà ṣe síbẹ̀, kí ẹlòmíràn lè fi fẹ ojúewé náà. Ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ àríyànjiyàn náà kúrò.

Olóko-Ẹ̀gẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun. Ìyá Ìkàwé, ìbéèrè yín bá mi níbi tí n kò ti retí rẹ̀. Mo padà lọ ka ohun tí mo kọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ìpínrọ̀ kejì sọ pé ọ̀nà tó dájú jù láti borí àrùn náà ni kí àgbẹ̀ gbin irúgbìn tó lè dojú kọ ọ́, mo sì dárúkọ irúgbìn méjì. Orúkọ mi wà lára àwọn tó ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ilé iṣẹ́ kan sì ń ta igi rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. N kò gba kọ́bọ̀ nínú owó tí wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ kẹ́yìn, irúgbìn yẹn ni wọ́n fi gbé mi ga. Ọlọ́run mọ̀ pé kò wá sí mi lọ́kàn rárá nígbà tí mo ń kọ ọ́. Òtítọ́ sì ni gbólóhùn náà, mo dúró lórí ìyẹn.

Ìyá Ìkàwé (Ilé-Ifẹ̀)

Mo gbà pé òtítọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n irúgbìn mélòó ló tún wà tó lè dojú kọ àrùn náà tí ẹ kò dárúkọ? Ẹ̀yin lẹ yan méjì nínú wọn. Àǹfààní ara ẹni kì í sábà mú kí onímọ̀ purọ́. Yíyan ohun tí yóò rántí àti ohun tí yóò gbàgbé ló ń bá a ṣe, kò sì ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wọlé. Pé kò wá sí yín lọ́kàn gan-an ni ìdí tí a fi ń wá ojú kejì.

Ẹ yọ orúkọ méjèèjì kúrò, kí ẹ sì dín agbára "tó dájú jù" kù. Bí irúgbìn yín bá yẹ ní dídárúkọ, ẹlòmíràn yóò dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ìtàn (Columbus, Ohio)

Mo fẹ́ gbèjà Olóko-Ẹ̀gẹ́ díẹ̀, nítorí pé ohun tí ẹ ń sọ wọ̀nyí rọrùn láti gbọ́ ju bó ṣe rọrùn fún ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí lọ. Ní ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé yìí, onímọ̀ ìtàn kan wà ní Bowling Green State University, Timothy Messer-Kruse, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bọ́ǹbù tó bú ní Haymarket ní Chicago ní ọdún 1886 àti ẹjọ́ tó tẹ̀lé e. Ó ka àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Wikipedia kọ nígbà náà pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò mú ẹ̀rí wá tó so àwọn olùjẹ́jọ́ mọ́ bọ́ǹbù náà. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó tún un ṣe, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé sọ ni àwọn ń kọ, kò sì lè fi àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ nìkan ja ìwé níyàn. Ó ní sùúrù títí ìwé tòun náà fi jáde, ó padà dé, wọ́n tún ní èrò àwọn tó kéré jù ni. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ nínú Chronicle of Higher Education ní oṣù Kejì ọdún 2012.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni òǹkọ̀wé Philip Roth kọ lẹ́tà gbangba sínú New Yorker, nítorí pé wọ́n sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí wọ́n tó lè gba àlàyé tó ṣe lórí ẹni tó ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn tí lẹ́tà náà jáde ni wọ́n wá rí ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó fi orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ hàn ni wọ́n ń fi ojú ìfura wò, nígbà tí ẹni tó fi orúkọ ìnagijẹ bo ojú ń kọjá bí afẹ́fẹ́. Oníṣe kan tí ń jẹ́ Essjay pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fọkàn tán jù níbẹ̀. Ọdún 2007 ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 ni, tí kò gba irú oyè bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìyá Ìkàwé (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ Ìtàn, Essjay tí ẹ mú wá yìí ti ẹjọ́ tèmi lẹ́yìn. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n lójú ẹ̀rọ, oyè kò lè jẹ́ ẹ̀rí, ìwé tí gbogbo ènìyàn lè ṣí wò ni ẹ̀rí. Wọ́n sì ti gbìyànjú ọ̀nà kejì rí. Kí Wikipedia tó wà, Nupedia ló wà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, tí àwọn onímọ̀ ń yẹ àyọkà wò ní ìpele-ìpele kí ó tó jáde. Nígbà tí wọ́n ti í pa ní ọdún 2003, àyọkà tó parí kò tó ọgbọ̀n.

Níbi tí mo ti gbà fún yín ni pé ìlànà náà máa ń ṣe òtítọ́ léṣe nígbà mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, wọn kò gba àyọkà tí ẹnìkan gbé wá nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ará Kánádà, wọ́n ní àwọn ìtọ́kasí tó wà níbẹ̀ kò fi hàn pé ó yẹ ní kíkọ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó gba ẹ̀bùn Nobel. Ìlànà kan náà tó dá agbèrò dúró lẹ́nu ọ̀nà ló dá a dúró. N kò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣe ọ̀kan kí ó má fara gbá èkejì, ṣùgbọ́n n kò ní díbọ́n pé kò ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Peckham (London)

Ọ̀rọ̀ kékeré kan láti apá ọ̀dọ̀ wa. Fún àyọkà nípa àìsàn ènìyàn, òfin ìtọ́kasí le ju ti ẹ̀gẹ́ lọ: wọn kì í fẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo, àkójọ àyẹ̀wò tó gbé ọ̀pọ̀ ìwádìí sórí ìwọ̀n ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ṣe ìwádìí nípa oògùn kan kò lè ti ibẹ̀ bọ́ sí Wikipedia lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dandan fún yín, ẹ fi ara yín sí abẹ́ òfin yẹn. Ẹ wá àkójọ àyẹ̀wò tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa àrùn ẹ̀gẹ́, tó ti yẹ iṣẹ́ yín wò pẹ̀lú ti àwọn yòókù, kí ẹ tọ́ka sí ìyẹn. Iṣẹ́ yín yóò wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò sì gbé e wọlé.

Atúmọ̀ (Abẹ́òkúta)

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi lọ́kàn, níbi tí àyọkà ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, tí ẹnìkan sì máa ń ṣọ́ ọ lọ́sàn-án àti lóru. Tiwa ńkọ́? Wikipedia ti èdè Yorùbá ní àyọkà tó lé ní 30,000, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá síbẹ̀ déédéé kò pọ̀, bí ẹ bá sì kọ ìbéèrè sí ojúewé "Ọ̀rọ̀" lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àyọkà, ọdún lè yí po kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Bí a bá ní kí Olóko-Ẹ̀gẹ́ dúró de olóòtú tí kò ní àǹfààní kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, tó tún mọ ẹ̀gẹ́, tó tún lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, a kúkú ti ní kó má kọ ọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ní ọ̀dọ̀ tiwa, mo ní kí ó kọ ọ́. Kí ó sọ lórí ojúewé oníṣe rẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ òun àti irú ibi tí òun ti ń ṣe é. Kí ó tún un sọ nínú àlàyé kúkúrú tó ń tẹ̀lé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìyẹn ni ẹni tó bá dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún yóò kọ́kọ́ rí. Kí ó jìnnà sí irúgbìn tirẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pátápátá, kí ó sì fi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ṣe ìtọ́kasí. Kí ó wá ṣí ìtàn àwọn àyọkà tó sún mọ́ ti ẹ̀gẹ́, kí ó wo orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, kí ó kọ sí wọn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó." Ẹgbẹ́ àwọn Wikimedia tí ń sọ Yorùbá wà pẹ̀lú, ènìyàn lè bi wọ́n léèrè. Ojú kejì tí a kò rí níwájú, a lè wá a wá láti ẹ̀yìn.

Àǹfààní kan tún wà tí àwọn òfin Gẹ̀ẹ́sì kò sọ tó, tí ó sì kàn wá gan-an: ọ̀rọ̀ tí a fúnra wa dá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe kòkòrò yẹn ní eṣinṣin funfun. Kì í ṣe eṣinṣin, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ pé ìdílé iná orí igi (àwọn kòkòrò tí ń fa omi ewé mu, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní aphid) ló sún mọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí Wikipedia Yorùbá, olóòtú rédíò yóò rí i níbẹ̀, olùkọ́ yóò rí i, ẹ̀rọ tí ń túmọ̀ èdè náà yóò kó o, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọn yóò ní "bí Yorùbá ṣe ń pè é" nìyẹn, ẹnìkan yóò sì wá fi ìwé tí àwọn yẹn kọ ṣe ìtọ́kasí fún àyọkà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mo mọ̀ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, mo fi í sínú àyọkà mẹ́sàn-án, inú mi dùn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ hàn mí, ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa ló sọ ọ́. Ojú tì mí díẹ̀. Mo padà lọ sí àyọkà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo fi àlàyé gbólóhùn kan rọ́pò rẹ̀ ní ibi tó ṣeé ṣe, mo sì kọ sí ojúewé "Ọ̀rọ̀" pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Onímọ̀ èdè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí onímọ̀ ọ̀gbìn tó ṣe irúgbìn. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ní orúkọ fún kòkòrò náà ní agbègbè yín, ẹ lò ó. Bí wọn kò bá ní, ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀: kòkòrò kékeré funfun tí ń gbé abẹ́ ewé.

Olóko-Ẹ̀gẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo kọ ìpínrọ̀ náà sí ojúewé ọ̀rọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ mi àti iṣẹ́ mi. Mo yọ irúgbìn méjèèjì kúrò. Mo fi àkójọ àyẹ̀wò méjì tí àwọn ẹlòmíràn kọ rọ́pò méjì nínú ìwé mẹ́ta tèmi, mo sì fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú tèmi, pẹ̀lú àlàyé pé tèmi ni. Ẹni tó dáhùn ni oníṣe kan náà tó dá mi padà lọ́jọ́sí. Ó bi mí bí àgbẹ̀ ṣe lè mọ igi tó ti ní àrùn nígbà tí ewé bá ti gbọn dànù lára rẹ̀, ìbéèrè tó dára débi pé mo ní láti padà lọ wo ìwé kí n tó lè fèsì. Ó gbé ìpínrọ̀ kìn-ín-ní wọlé bó ṣe wà. Ó gé ìkejì sí ìlàjì, kò sì sọ ìdí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Inú ọ̀gá àgbà kò dùn. Mo fi àdéhùn lílò hàn án, ó dákẹ́, ó ní kí n kọ ìbéèrè sí ojúewé ọ̀rọ̀ náà nígbà náà. Mo ti kọ ọ́, mo fi orúkọ ibi iṣẹ́ wa síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn.

Ti Yorùbá, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo pe kòkòrò náà bí Atúmọ̀ ṣe wí.

Ó ku ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ ti di olóògbé. Kò sí àyọkà kankan nípa rẹ̀ ní èdè méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n má kọ ọ́.

Ìyá Ìkàwé (Ilé-Ifẹ̀)

Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ má kọ ọ́. Ẹ kó ohun tí àwọn ìwé ìròyìn àti àwọn onímọ̀ mìíràn ti kọ nípa wọn jọ, èyí tó yìn wọ́n àti èyí tó bá wọn jiyàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi kò pàdé wọn rí, n kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀gẹ́ ju gàrí lọ. N ó kọ ọ́.